Òótọ́ àti Irọ́: Fíìmù Tí A Wò àti Èyí Tí A Gbọ́

Ní àríwá Èkìtì, ìdájọ́ fíìmù máa ń dé ṣáájú fíìmù fúnra rẹ̀. Kí o tó rí dátà fi wo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn tó ń dirun ní Ìkọ̀lé ti sọ fún ọ pé ó dùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ọyẹ́ ti ní òpin rẹ̀ kò dára, ẹni tó ń dúró ti aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdó sì ti ka àwọn tó kú nínú rẹ̀ fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń jiyàn lé lórí, a kò wò ó tán, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wò ó rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n gbé, ọ̀rọ̀ ẹnu náà sì ti di ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ níbẹ̀, ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Irọ́: Fíìmù tó bá ti pa bílíọ̀nù, gbogbo Nàìjíríà ló ti wò ó.

Wọ́n ti ń sọ èyí láti ìgbà tí A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé ti jáde sí sinimá ní oṣù Kejìlá 2023. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nínú sinimá ilẹ̀ wa. Everybody Loves Jenifa, tòun náà, tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tún kọjá ibẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦4,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì kan, tíkẹ́ẹ̀tì 250,000 ló máa di bílíọ̀nù kan. A ju igba mílíọ̀nù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Nínú ẹgbẹ̀rin ènìyàn, ẹnì kan ṣoṣo ló wọ sinimá lọ wò ó. Àwọn yòókù gbọ́ ọ ni, tàbí kí wọ́n dúró títí ó fi dé orí fóònù. Kò sì yani lẹ́nu. Ẹni tó bá ti Ìkọ̀lé lọ wo sinimá ní Àkúrẹ́, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni yóò kọ́kọ́ san kó tó kan tíkẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó padà dé Ìfàkì.

Bílíọ̀nù náà kì í sì í ṣe owó tí ẹni tó ṣe fíìmù ń kó lọ sílé. Ìjọba á yọ owó orí ọjà, ilé sinimá á mú nǹkan bí ìdajì, ẹni tó pín in kiri á mú tirẹ̀, kó tó wá kan ẹni tó wá owó ṣe é.

Ní tèmi, ibi tí A Tribe Called Judah ti dára jù ni ibi tí ìyá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún, tí bàbá wọn wá láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ nínú ilé, tí Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti pijin ń gba ara wọn kọjá. Nígbà tí wọ́n wọ ilé ìtajà tí wọ́n lọ jà lólè, ìbọn gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Jẹ́nífà ní tirẹ̀, bí ẹ bá lè wò ó láàárín èrò, ẹ wò ó níbẹ̀. Mo wò ó ní sinimá, mo sì tún un wò nílé. Ní sinimá, ẹ̀rín àwọn tó yí mi ká gbé mi fo àwọn ibi tó fà. Ìgbà tí mo dá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ni mo tó mọ̀ pé ó fà. Àwa méjèèjì tó ń jiyàn pé ó dùn àti pé kò dùn lè máa sọ òótọ́, nítorí ibi tí a ti wò ó kò rí bákan náà.

Irọ́: Fíìmù tí kò dára ni wọ́n ń gbé sórí YouTube.

Ní oṣù Kìíní 2024 ni Prime Video ti Amazon jáwọ́ nínú sísan owó iṣẹ́ fíìmù tuntun ní Áfíríkà. Kí ọdún náà tó parí, Kúnlé Afọláyan sọ ní gbangba pé Netflix náà ti dín tirẹ̀ kù. Níbo ni ẹ fẹ́ kí àwọn òṣèré lọ? Àwọn tí ojú wa mọ̀ láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣí ojú ewé tiwọn. Love in Every Word ti Omoni Oboli, tó jáde ní oṣù Kẹta 2025, ju ogún mílíọ̀nù ìgbà lọ ni wọ́n wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé fíìmù sí kò bà á jẹ́. Ìkánjú ló ń bà á jẹ́: ohùn tí kò já gaara, ìmọ́lẹ̀ tí kò bá ara mu, ìtàn tó yẹ kó parí lápá kìn-ín-ní tí wọ́n fà dé apá kẹta. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú sinimá náà.

Irọ́: Fíìmù ayé àtijọ́ tí à ń wò lórí Netflix, ìtàn àwọn baba wa gan-an nìyẹn.

Mo fẹ́ dúró lórí èyí, nítorí àwọn ọmọ wa ń fi fíìmù wọ̀nyí dí àyè ẹ̀kọ́ ìtàn tí wọn kò rí kọ́. Ọmọdé ti bi mí rí pé ìlú wo ni Ògúndìjì jagun jà. Kò sí ìlú náà. Jagun Jagun (2023) jẹ́ àròsọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ògúndìjì tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe, àti Gbọ́tìjà tó ń bá igi sọ̀rọ̀, tí Lateef Adédiméjì ṣe, orí àwọn tó kọ eré náà ni wọ́n ti jáde. Ìjà inú rẹ̀ pọ̀ jù fún mi, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, ó sì pẹ́ tí mo ti gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ òṣèré. Àníkúlápó (2022) náà, àròsọ ni. Ẹyẹ àkàlà tó jí Ṣàró dìde bá ìtàn tí àwọn àgbà máa ń pa mu, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ìtàn gidi.

House of Ga'a (2024) yàtọ̀. Ènìyàn gidi ni Gáà. Ní 1754 ló di Baṣọ̀run Ọ̀yọ́, ó sì fi bí ogún ọdún jẹ gàba lé àwọn Aláàfin lórí, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Adébáyọ̀ Fálétí ti kọ eré onítàn lé e lórí tipẹ́tipẹ́ kí Bọ́láńlé Austen-Peters tó gbé kámẹ́rà. Fẹ́mi Branch ṣe Gáà débi pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bani, àléébù ibẹ̀ ni pé ogún ọdún ni wọ́n fún pọ̀ sínú wákàtí bíi méjì. Ẹni tí kò bá ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ yóò rò pé láàárín oṣù díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Lísàbí, tí wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀, náà gbé ayé rí, ó sì jẹ́ òótọ́ pé ẹgbẹ́ àáró, tí àwọn àgbẹ̀ ń bára wọn ṣiṣẹ́ oko, ló fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó dìde sí àwọn aṣojú Ọ̀yọ́. Ti Elesin Oba (2022), tó jẹ́ iṣẹ́ ìkẹyìn Bíyì Bándélé, ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ló wà nídìí rẹ̀. Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní òpin 1944, àwọn òyìnbó dá Olókùn-ẹṣin dúró kó má bàa bá ọba lọ, ọmọ Olókùn-ẹṣin sì kú dípò bàbá rẹ̀. Ṣóyínká, tó kọ eré tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, ló fi ìlú òyìnbó àti ẹ̀kọ́ ìṣègùn kún ìtàn ọmọ náà. Dúró Ládiípọ̀ sì ti fi eré tirẹ̀, Ọba Wàjà, ṣáájú rẹ̀ ní 1964.

Ẹ wò ó pé nínú gbogbo fíìmù wọ̀nyí, a kò tíì dárúkọ Èkìtì. Ọdún 1877 sí 1886 ni ogun Kírìjì, tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà. Fíìmù ń kọ́ wa pé oògùn àti idà ni gbogbo ogun Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé, ìyẹn ìbọn tí à ń ki ọta rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìbọn yìí wà lára ohun tó mú kí apá Ìbàdàn má ká Èkìtì Parapọ̀. Ìtàn bẹ́ẹ̀ kò nílò àsọdùn kankan. Ìrè, ìlú Ògún, wà níbí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Ògún kò ju igbe tí jagunjagun ń ké lọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá yà á ní Ìrè, pẹ̀lú màrìwò àti ẹmu, lẹ́nu àwọn tó ni ín.

Irọ́: Àwa ará Èkìtì kò ní ẹnikẹ́ni nínú fíìmù Yorùbá, àfi kí wọ́n máa fi èdè wa rẹ́rìn-ín.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ díẹ̀, nítorí nígbà púpọ̀, ará oko tí kò mọ ọ̀nà ni wọ́n ń fi èdè Èkìtì sí lẹ́nu. Apá àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdúnladé Adékọ́lá tó ṣe Ẹlẹ́ṣin nínú Elesin Oba, Abẹ́òkúta ló dàgbà sí, ọmọ Ọ̀tùn-Èkìtì ni. Jimoh Aliu, Àwòrò, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tó kú ní oṣù Kẹsàn-án 2020, ló fún wa ní Àrélù, èyí tó ń lé àwọn ọmọdé sábẹ́ aṣọ ìyá wọn lójú tẹlifíṣọ̀n.

Peter Fátómilọ́lá ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ Ìdó mọ̀ jù. Ìfisìn-Èkìtì ni wọ́n ti bí i, ní 1946, babaláwo sì ni bàbá rẹ̀. Òun ni Pápá Àjàsco àkọ́kọ́, nínú fíìmù tí Wálé Adénúgà ṣe ní 1984. Àwọn kan ní gbogbo babaláwo inú fíìmù Yorùbá ló ń fi ènìyàn ṣòògùn owó. Ẹ lọ wo Ṣaworoidẹ (1999) ti Túndé Kèlání, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Amáwomárò tí Fátómilọ́lá ṣe níbẹ̀ ló mọ ìdí májẹ̀mú tó so ọba Jogbo mọ́ ìlú. Ọkùnrin náà kò gbé agbárí kankan dání. Ìmọ̀ ni agbára rẹ̀, ẹni tó ń ṣe é sì mọ ohun tó ń sọ, torí inú ilé Ifá ló ti jáde.

Irọ́: Living in Bondage ni fíìmù fídíò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ọdún 1992 ni ìyẹn jáde. Adé Àjìbóyè ti ṣe Ṣóṣo Méjì sórí fídíò ní 1988, Muyideen Àrómirẹ́ sì ti ṣe Ẹkùn ní 1989. Kenneth Nnebue tó ṣe Living in Bondage fúnra rẹ̀, fíìmù fídíò Yorùbá ló kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ sí. Lẹ́yìn 1986 tí náírà já wálẹ̀, àwọn òṣèré wa kò lè ra fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì tí wọ́n ń fọ̀ nílùú òyìnbó mọ́, ni wọ́n bá mú fídíò.

Irọ́: Fíìmù tí mo gbà lórí Telegram kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìtàn Bàbá Sàlá. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e kiri fúnra rẹ̀, láti gbọ̀ngàn ìlú kan sí òmíràn, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀, tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹyọ fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Ní 1982, Mósè Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀, yá owó púpọ̀ ṣe Ọ̀run Móoru, Ọlá Balógun sì darí rẹ̀. Àwọn olè da á kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri kí owó tó padà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ó jẹ gbèsè, ìpalára náà kò sì kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀ títí ayé. Ọkùnrin tó pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín, tó kú ní oṣù Kẹwàá 2018, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà ló jẹ ẹ́ lówó.

Èyí tí à ń ṣe lónìí kò yàtọ̀. Ẹni tó ń kó fíìmù sí mẹ́mórì ní gáréèjì ń gba owó, ẹni tó ṣe fíìmù kò rí kọ́bọ̀. Àwọn tó ń sọ pé owó ni kò sí, mo gbọ́ yín, èmi náà mọ bí nǹkan ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: dátà tí ẹ fi ń gba fíìmù olè lórí Telegram lè tó wo fíìmù Yorùbá lórí ojú ewé ẹni tó ni ín lórí YouTube. Ọ̀fẹ́ ni níbẹ̀, ìpolówó tí ẹ bá sì jẹ́ kó kọjá lójú yín ni owó tirẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, ẹ wá ojú ewé àwọn tó ṣe fíìmù tí ẹ fẹ́ràn, ẹ wò ó níbẹ̀. Ẹ wò ó tán. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bọ̀, ká jọ jiyàn.