Owó Ìrànlọ́wọ́ Omíyalé: Kí Ló Dé Tí Kì Í Kàn Wá?

Ẹ má bínú sí ariwo mọ́tò, inú ọjà ni mo wà. Ẹnì kan béèrè lánàá pé kí ló dé tí ìjọba ń pín nǹkan fún àgbẹ̀ tí omi ba oko wọn jẹ́, tí kì í kan àwa tá a náwó sóko. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Lọ́dún 2022, mo háyà ilẹ̀ fàdámà létí odò nítòsí Lọ́kọ́jà, mo gbin ìrẹsì. Ẹ rántí ọdún yẹn: òjò pọ̀, Kamẹrúùnù tún ṣí omi Lagdo sílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, Ọya àti Bẹ́núè kún, ọ̀nà Àbújá dí. Káàkiri Nàìjíríà, èèyàn tó kú lé ní 600. Ìrẹsì tèmi ti yọrí, ó ku díẹ̀ ká kórè. Omi gbé gbogbo ẹ̀ mì.

Nígbà tí wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ dé, mo sáré lọ. Orúkọ onílẹ̀ wà nínú ìwé, tèmi ò sí níbẹ̀. Ká má parọ́, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wa. NEMA tàbí SEMA ti ìpínlẹ̀ ò mọ ẹnì kankan. Ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti olórí àdúgbò ni orúkọ ti ń wá. Oníṣòwò ni olórí àdúgbò mọ̀ mí sí, kò mọ̀ pé mo lóko. Ọ̀gbẹ́ni kan tún gba ₦5,000 lọ́wọ́ mi pé fọ́ọ̀mù ni. Mi ò rí i mọ́ títí dòní! Ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ta ìrànlọ́wọ́.

Onílẹ̀ yẹn náà, kí ló gbà? Ìrẹsì, ẹní, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe owó gbà-máà-bínú. Kò sẹ́ni tó wọn oko ẹ̀ kó tó fún un.

Ohun tó ń san owó ohun tó ṣòfò ni ìnṣọ́ránsì. Ìjọba ní tiẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, NAIC ni wọ́n ń pè é, láti 1987 ló ti bẹ̀rẹ̀. Fún ohun ọ̀gbìn tó wà nínú ètò wọn, ìjọba ń bá àgbẹ̀ san ìdajì owó ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: kí omi tó dé lẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Tó bá sì ṣẹlẹ̀, kíá ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n wá fojú rí oko kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Owó tẹ́ ẹ ná sóko ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa tà á. Torí náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì irúgbìn, ajílẹ̀, owó lébìrà, àti ìwé háyà ilẹ̀. Èmi ò ní ẹyọ kan nígbà yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún àgbẹ̀ lówó sílẹ̀ kó fi àpò ìrẹsì san, tiyín tún le jù. Gbèsè lèyí, kì í ṣe oko yín, ìjọba ò rí yín rárá. Èyí tí mò ń ṣe báyìí ni pé kí n tó kówó sílẹ̀, àgbẹ̀ náà á kọ́kọ́ ṣe ìnṣọ́ránsì lórúkọ ara ẹ̀. Mo máa ń bá a dá sí owó ẹ̀, a sì jọ máa ń kọ ìwé àdéhùn lójú olórí àdúgbò.

Mo ń lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó bá ní oko létí omi lọ́dún yìí kó kọ orúkọ síbí kó tó di alẹ́ Sátidé, ká jọ lọ.