Ọmọ Òkè-Odàn tó jẹ mẹ́ẹ̀rì ní Írẹ́lándì, àti ìbò tiwa ní Tákọ̀n

Ní ọdún 2007, ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Portlaoise, ní àárín orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, fi ọmọ Yorùbá jẹ mẹ́ẹ̀rì. Rotimi Adebari ni orúkọ rẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ mẹ́ẹ̀rì ní gbogbo Írẹ́lándì, ọmọ Òkè-Odàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà káàkiri Ṣakẹ́tẹ́, Ìfọ̀nyìn àti Tákọ̀n, ẹ mọ Òkè-Odàn dáadáa. Ibodè nìkan ló wà láàárín àwa àti wọn.

Ọdún 2000 ló dé Írẹ́lándì, ibi ìsádi ló ń wá. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ó díje fún ìgbìmọ̀ ìlú Portlaoise. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó wọlé. Ìlú òyìnbó ni o, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ kò pọ̀ tó ẹni tó lè fi ìbò tiwọn nìkan gbé èèyàn dé orí àga. Ìwà ọkùnrin náà àti iṣẹ́ tó ṣe láàárín ará ìlú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà wà níbẹ̀. Òfin yẹn ni a fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé àwa náà ní Bẹ̀nẹ̀ ń lo òfin tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ti inú tiwa jáde kò jọ tiwọn.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ń gbé Írẹ́lándì, tó sì ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, lè dìbò ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì lè díje. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ìbò ilé aṣòfin wọn kò rí bẹ́ẹ̀, ti ìgbìmọ̀ ìlú nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀ tó báyìí. Ohun kejì ni bí wọ́n ṣe ń ka ìbò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí á fi Tákọ̀n ṣe àpẹẹrẹ, bí ẹni pé ọ̀nà Írẹ́lándì ni a ń lò. Ká ní àga márùn-ún ló wà, èèyàn mẹ́wàá ló ń du ú, ìbò tó dára sì jẹ́ 6,000. Wọn ó pín 6,000 sí ọ̀nà mẹ́fà, ìyẹn iye àga àti ọ̀kan lé e. Ó di 1,000. Wọn ó fi ìbò kan kún un, ó di 1,001. Òṣùwọ̀n nìyẹn. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá ti kún òṣùwọ̀n yìí ti wọlé. Èèyàn márùn-ún lè kún un, ẹnì kẹfà kò lè kún un láéláé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ ṣírò rẹ̀ wò.

Olùdìbò kì í tẹ̀ka fún ẹnì kan ṣoṣo. Á kọ 1 síwájú orúkọ ẹni tó fẹ́ jù lọ, á kọ 2 síwájú ẹni tó tẹ̀lé e lọ́kàn rẹ̀, 3, 4, títí dé ibi tó bá wù ú láti dúró. Ká ní ìyá elépo kan gba 1,500. Òṣùwọ̀n 1,001 ló nílò, 499 ló ṣẹ́kù. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka fún ẹyọ kan, àṣẹ́kù yẹn kò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Lọ́hùn-ún, wọn ó wo ẹni tí àwọn èèyàn ìyá elépo kọ 2 sí, wọn ó sì gbé àṣẹ́kù náà lọ bá a. Bí kò bá sí ẹni tó tún kún òṣùwọ̀n, wọn ó wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré jù, ká ní aránṣọ kan tó gba 90, wọn ó yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n wọn kò ní da ìwé 90 yẹn nù. Wọn ó ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ó wo ẹni tí wọ́n kọ 2 sí, wọn ó sì pín in fún àwọn tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ó máa ṣe é títí àga márààrún yóò fi kún.

Ó dà bí kí ìyá rán ọmọ lọ sọ́jà, kó ní: ra ẹja wá, bí ẹja bá tán, ra edé, bí edé bá tán, mú irú wá. Ọmọ náà kò ní padà dé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo kó wá máa ròyìn pé ẹja ti tán.

Irú ọ̀nà yìí ń ran àlejò lọ́wọ́, ó ń ran ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lọ́wọ́, nítorí ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kọ 1 sí lè jẹ́ ẹni tí gbogbo wọn kọ 2 tàbí 3 sí. Ó tún ń mú kí àwọn olùdíje ṣọ́ ẹnu wọn. Ta ni yóò bú alátakò rẹ̀ ní gbangba, nígbà tó mọ̀ pé òun yóò nílò nọ́ńbà 2 lọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn ẹni náà? Lẹ́yìn Adebari, àwọn mìíràn láti Nàìjíríà ti gba ọ̀nà yìí wọlé. Ní ọdún 2019, Yemi Adenuga wọ ìgbìmọ̀ Meath láti ìlú Navan, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Írẹ́lándì. Òun ní ẹgbẹ́ ní tirẹ̀, Fine Gael ni.

Ọ̀rọ̀ owó ló bí gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò yóò sì yé ni. Ìlú etíkun kan wà tó ń jẹ́ Sligo. Ìgbìmọ̀ ìlú náà ti jẹ gbèsè wọ ọrùn. Àwọn oníṣòwò àti àwọn onílé tó ń san owó orí ilé ní àwọn kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó àwọn. Wọ́n lọ bá ilé aṣòfin ní London, wọ́n gba òfin tiwọn ní ọdún 1918, nígbà tó sì di ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1919, Sligo dìbò ní ọ̀nà tuntun. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń san owó orí ilé rí àga tó pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ yòókù lọ, síbẹ̀ kò sí ẹgbẹ́ kan tó dá ìgbìmọ̀ gbà. Ní ọdún 1920, gbogbo Írẹ́lándì ló fi ọ̀nà náà yan ìgbìmọ̀ ìlú wọn. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ Fianna Fáil tó wà lórí oyè fẹ́ fagi lé e nínú ìbò ilé aṣòfin, nítorí ọ̀nà tí ẹni tó bá síwájú ń kó gbogbo rẹ̀ lọ ni ìbá ṣe ẹgbẹ́ ńlá láǹfààní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e síwájú ará ìlú, ní 1959 àti 1968. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ará ìlú ní rárá.

Kì í ṣe pé tiwọn kò ní àléébù o. Kíkà rẹ̀ ń pẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ń yan ọmọ ìgbìmọ̀ 949 fún ìgbìmọ̀ 31, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ka ìbò. Níbi tí ẹgbẹ́ kò bá sì dá ìgbìmọ̀ gbà, ìdúnàádúrà lórí ẹni tí yóò jẹ mẹ́ẹ̀rì kò yàtọ̀ sí ti ọjà màlúù.

Ó wá ku tiwa.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ń dìbò yan ìgbìmọ̀ kómúùnù. Kómúùnù 77 ni gbogbo wọn. Tákọ̀n jẹ́ ọ̀kan nínú arọ́ndísímọ̀ mẹ́fà tó wà lábẹ́ Ṣakẹ́tẹ́, pẹ̀lú Yókò, Agídí, Ìta-Ìjẹ̀bú àti Ṣakẹ́tẹ́ kìíní àti ìkejì. Tiwa náà, pípín àga ní ìwọ̀n ìbò ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni a ń dìbò fún, kì í ṣe èèyàn. Ẹgbẹ́ ló ń to orúkọ, ẹni tí ẹgbẹ́ kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò lè dá díje. Ọmọ Òkè-Odàn tó wọlé ní Portlaoise láìní ẹgbẹ́, ká ní Tákọ̀n ló ti fẹ́ díje ni, ẹnu ọ̀nà ni ì bá ti padà.

Ẹnubodè kan tún wà. Láti ìgbà tí òfin ìdìbò ọdún 2018 ti jáde, ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí a dì jákèjádò orílẹ̀-èdè, láti Kútọnu dé Malanville, kò ní rí àga kankan níbikíbi. Ìbáà jẹ́ òun ló borí ní Tákọ̀n, ìbáà jẹ́ gbogbo ilé ní Yókò ló dìbò fún un, òfo ni.

A rí i ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2020, lásìkò kòrónà. Ẹgbẹ́ márùn-ún ló jáde. Mẹ́ta ló la ẹnubodè kọjá: Union Progressiste gba àga 820, Bloc Républicain gba 735, FCBE gba 260. Àga 1,815 ti tán. PRD ti Adrien Houngbédji kò dé ìdá mẹ́wàá, UDBN náà kò dé e. Ẹ sì mọ ohun tí PRD jẹ́ ní ìhà tiwa níhìn-ín. Houngbédji fúnra rẹ̀ di mẹ́ẹ̀rì Àjàṣẹ́ ní 2003. Lẹ́yìn ìbò 2020, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ọmọ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, kódà ní Àjàṣẹ́. Àwọn tó dìbò fún un kò ní ibi tí wọ́n ti lè kọ nọ́ńbà 2. Ẹja ti tán, ọmọ sì padà dé lọ́wọ́ òfìfo. Ní ọdún 2022, PRD darapọ̀ mọ́ Union Progressiste, wọ́n di Union Progressiste le Renouveau.

Àwọn tó ṣe òfin yìí ní ìdí tiwọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ti lé ní igba kí wọ́n tó tún òfin ẹgbẹ́ ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju ẹnì kan àti àwọn ará ilé rẹ̀ lọ. Àwa náà kò fẹ́ kí á padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìdá mẹ́wàá gbogbo orílẹ̀-èdè wúwo jù fún ìbò tó jẹ́ ti kànga, ọ̀nà oko àti òrùlé ọjà. Ohun tí Tákọ̀n fẹ́ kí wọ́n fi owó ọjà rẹ̀ ṣe, kí ló kan ará Malanville nínú rẹ̀? Ká ní inú kómúùnù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń wọn ìdá mẹ́wàá náà, àwọn ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ yóò ṣì dúró síta, ìlú kò sì ní pàdánù ẹni tó yàn.

Ìdúnàádúrà tí a ní ó ń dààmú Írẹ́lándì náà kò yọ wá sílẹ̀. Lẹ́yìn ìbò 2020, yíyan mẹ́ẹ̀rì dá wàhálà sílẹ̀ ní kómúùnù púpọ̀, ilé aṣòfin sì sáré ṣe òfin mìíràn ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà: ẹgbẹ́ tó bá ní ju ìdajì àga lọ ni yóò máa yan mẹ́ẹ̀rì àti àwọn igbákejì rẹ̀. Láti ìgbà náà, níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti borí, inú ilé ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀rì.

Ìdí nìyí tí àkókò tí ohùn Tákọ̀n lágbára jù fi jẹ́ ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ń to orúkọ, ní oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìbò. Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí àwọn ìyálọ́jà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn olórí ẹgbẹ́, kí wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún arọ́ndísímọ̀ wa, àti bóyá ẹni náà ń sùn ní Tákọ̀n àbí ó kàn bí i síbẹ̀ ni. Bí orúkọ bá ti wọ ọ̀dọ̀ àjọ ìdìbò CENA, olùdìbò kò lè yí i padà mọ́.

Ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2026 ni a dìbò ìgbìmọ̀ kómúùnù tó kẹ́yìn, ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ilé aṣòfin. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ti sọ sáà náà di ọdún méje. Àwọn tó ń jókòó ní Ṣakẹ́tẹ́ báyìí, ó di ọdún 2033 kí a tó tún dìbò lé wọn lórí. Ìjókòó wọn kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè lọ jókòó síbẹ̀ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa Tákọ̀n.