Ọjà Ríra ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará wa ní Mende àti ní gbogbo Kosofe, púpọ̀ nínú yín ni ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bẹ ọmọ wò tàbí láti rajà. Náírà tí a fi òógùn wá ni à ń ṣẹ́ sí pọ́n-ùn, àlejò a sì máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Nítorí náà ni àwa ṣe sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí.

Ní àwọn ilé ìtajà ńláńlá ibẹ̀, iye tí a kọ sára ọjà ni a ń san. Kí ẹni tí Mile 12 ti mọ́ lára má ṣe ná an. Ṣùgbọ́n ní ọjà Ridley Road ní Dalston, àti ní Rye Lane ní Peckham, níbi tí a ti ń rí iṣu, gàrí àti ata rodo rà, ẹni tí ó bá kí òǹtajà tọ̀yàyàtọ̀yàyà lè rí èènì gbà nígbà tí ọjà bá ń tú.

Ẹ mú àpò yín lọ́wọ́: láti ọdún 2015 ni àwọn ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó ọ̀rá. Òfin ọdún 1994 kò sì jẹ́ kí wọn ṣí ju wákàtí 6 lọ ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Òfin ọdún 2015 fún oníbàárà ní 30 ọjọ́ láti dá ọjà tí ó lábùkù, bí bàtà tàbí aṣọ, padà, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ìwé pélébé náà nù, kí ni yóò fi jẹ́rìí? Ẹ yẹ ọjà wò kí ẹ tó di ẹrù. Mende jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ òfuurufú kì í sì í padà nítorí bàtà tí ó ya.