Bí Ọmọdé Ṣe Ń Kọ́ Ọ̀rọ̀ Sísọ: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí àti Òṣìṣẹ́ Ìlera Máa Kíyè Sí

Kókó ọ̀rọ̀

• Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wọn ní nǹkan bí oṣù 12, wọ́n sì máa ń so ọ̀rọ̀ 2 pọ̀ nígbà tí wọ́n bá fi máa pé oṣù 24.

• Èdè máa ń yé ọmọ kí ó tó lè sọ ọ́. Ohun tí ọmọ gbọ́ yé ṣe pàtàkì bí ohun tí ó ń fi ẹnu sọ.

• Àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 430 ní àgbáyé ni ó nílò ìtọ́jú nítorí àìgbọ́ràn tí ó ń dí ìgbé ayé wọn lọ́wọ́. Mílíọ̀nù 34 nínú wọn jẹ́ ọmọdé.

• Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àìgbọ́ràn ọmọdé tí ó wá láti ọ̀dọ̀ ohun tí a lè dènà.

• Gbígbọ́ ju èdè kan lọ nínú ilé kì í fa ìfàsẹ́yìn ọ̀rọ̀ sísọ.

• Ọmọ tí ó bá pàdánù ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ rí òṣìṣẹ́ ìlera láìfi falẹ̀, ọjọ́ orí yòówù kí ó jẹ́.

Àkótán

Láti ìgbà tí a bá ti bí ọmọ ni ó ti ń kọ́ èdè. Ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí ó tó di ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀. Ohùn ẹni tí ó ń fún un lọ́mú, orin tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, oríkì tí ìyá àgbà ń kì í bí ó ti ń wẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ń kó jọ. Ọdún 3 àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ń dàgbà kíákíá jùlọ. Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ bá rí gbà ní àkókò yìí máa ń so èso ju èyí tí ó pẹ́ kí ó tó dé.

Àwọn ọmọ kì í dàgbà ní ìṣísẹ̀ kan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà ìdàgbàsókè ọmọdé kalẹ̀ ní ọdún 2006, Ghana sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí a ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ìwádìí náà fi hàn pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn nígbàkigbà láàárín nǹkan bí oṣù 8 sí oṣù 18. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ rí: ọmọ kan lè yá ju èkejì lọ, kí àwọn méjèèjì sì wà ní àlàáfíà. Síbẹ̀, ààlà wà tí kò yẹ kí ìdúró kọjá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe

Kí ó tó pé oṣù 3: Ọmọ máa ń ta gìrì sí ariwo òjijì, ó máa ń dákẹ́ tàbí kí ó rẹ́rìn-ín bí ó bá gbọ́ ohùn tí ó mọ̀.

Oṣù 6 sí 9: Ó máa ń yíjú sí ibi tí ohùn ti wá. Ó máa ń to ìró pọ̀, bí “ba-ba-ba” tàbí “ma-ma-ma”, bí kò tilẹ̀ tíì ní ìtumọ̀.

Oṣù 12: Ó máa ń dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, ó máa ń juwọ́ sí ẹni tí ó ń lọ, ó sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ìtumọ̀.

Oṣù 18: Ó máa ń nàka sí ohun tí ó fẹ́ kí ẹlòmíràn rí. Ó lè tẹ̀ lé àṣẹ kúkúrú, bí “gbé e wá”, láìjẹ́ pé a fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe. Ó ti ní ọ̀rọ̀ mélòó kan tí ó ń sọ.

Oṣù 24: Ó máa ń so ọ̀rọ̀ 2 pọ̀, bí “fún mi” tàbí “màmá wá”.

Ọdún 3: Ó máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ, ó ń béèrè ìbéèrè, ẹni tí kì í gbé inú ilé náà sì lè gbọ́ èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tí ó ń sọ.

Kò di dandan kí ọ̀rọ̀ ọmọ já gaara kí a tó kà á sí ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó ń pe bọ́ọ̀lù ní “ọ́ọ̀lù” nígbà gbogbo ti mọ ọ̀rọ̀ náà. Kí òbí má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà, kí ó má sì fi ipá mú un tún un pè. Kí ó kàn dá a lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù ni.”

Ohun tí ó lè fa ìfàsẹ́yìn

Àìgbọ́ràn ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò. Yírùnyírùn, èéyi, ṣegede àti rùbẹ́là tí ó bá aláboyún jà lè ba ìgbọ́ràn ọmọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà pọ́njú tí ó le nínú ọmọ tuntun, etí tí ó ń ṣọyún léraléra, àti àwọn oògùn apakòkòrò kan, bíi gentamicin, bí a kò bá lò wọ́n bí ó ti yẹ. A lè bí ọmọ mìíràn pẹ̀lú àìgbọ́ràn.

Àìgbọ́ràn máa ń fara pa mọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ràn a máa rẹ́rìn-ín, a máa pariwo, a sì máa ké ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ bí àwọn ọmọ yòókù. A lè rò pé ó gbọ́ nígbà tí ó jẹ́ pé òjìji ẹni tí ó wọlé ni ó rí, tàbí pé ilẹ̀ mì sí i lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọmọ mìíràn ń gbọ́ ìlù àti ariwo ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ àwọn ìró wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀.

Lára àwọn ohun mìíràn ni bíbí ọmọ láìpé oṣù, ìnira nígbà ìbí, àìjẹunrekánú, ọ́tísímù, àti àìsí ẹni tí ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ dáadáa. Nínú àwọn ọmọ kan, a kì í rí ohun kan pàtó tí ó fà á. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá.

Àmì tí kò yẹ kí a fojú fò

Ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn bí:

• kò bá ta gìrì sí ariwo, tàbí tí kò yíjú sí ohùn nígbà tí ó ti pé oṣù 9;

• kò bá to ìró pọ̀, kò juwọ́, kò sì nàka ní oṣù 12;

• kò bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní oṣù 18;

• kò bá so ọ̀rọ̀ 2 pọ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù 24;

• kì í bá wo ojú ènìyàn, tàbí tí kì í dáhùn sí orúkọ rẹ̀;

• ọyún bá ń jáde ní etí rẹ̀;

• ó bá dákẹ́ lẹ́yìn àìsàn, tàbí tí ó pàdánù ohun tí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

A sábà máa ń gbọ́ pé, “Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀”, tàbí pé, “Ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé kan. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ etí ọmọ wò tí a kò rí àléébù, ọjọ́ kan péré ni ó lọ sí i. Bí a bá dúró títí di ọdún 4 kí a tó mọ̀ pé kò gbọ́ràn, ọdún tí ọpọlọ fi ń gba èdè jùlọ ti kọjá lọ.

Bí èdè bá pọ̀ nínú ilé

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ lè gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀, Haúsá ní àdúgbò, àti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ní ilé ẹ̀kọ́. Èyí kì í ṣe ìpalára. Bí ọmọ bá da èdè pọ̀ nínú gbólóhùn kan, kò ṣàìsàn. Nígbà tí a bá ń ka ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀, a gbọ́dọ̀ ka ti gbogbo èdè náà pọ̀: ọmọ tí ó ní ọ̀rọ̀ 15 ní Yorùbá àti 12 ní Haúsá ní ọ̀rọ̀ 27. Kí òbí má ṣe pa èdè rẹ̀ tì nítorí pé ọmọ pẹ́ láti sọ̀rọ̀. Èdè tí ó yọ̀ mọ́ òbí lẹ́nu ni ó lè fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ jùlọ.

Ohun tí òbí lè ṣe

• Ẹ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́: ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ń bù, ohun tí ẹ ń fọ̀, àti ẹ̀yà ara tí ẹ ń wẹ̀.

• Bí ọmọ bá dún tàbí tí ó nàka, ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí òun náà lè fèsì.

• Ẹ máa kọrin fún un, ẹ máa pa àlọ́ fún un, kí ẹ sì máa bá a ṣeré. Ife, ìbòrí ìkòkò àti bọ́ọ̀lù tí a fi àkísà ṣe tó láti fi ṣeré.

• Ẹ má ṣe fi fóònù tàbí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Ọmọ ọdún 2 kò gbọdọ̀ wò ó ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Bí ó bá dín sí bẹ́ẹ̀, ó tún dára jù.

• Ẹ fún un ní ọmú nìkan fún oṣù 6. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi oúnjẹ aṣaralóore kún un, kí ẹ sì máa fún un lọ́mú lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

• Ẹ rí i pé ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ tuntun tí ó ń dènà ẹ̀yà kòkòrò yírùnyírùn 5.

• Ẹ má ṣe ki iyẹ́ adìyẹ, igi òwú tàbí òróró sí ọmọ létí.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ọjọ́ tí a ń wọn ọmọ jẹ́ àǹfààní láti béèrè nípa ọ̀rọ̀ sísọ. Ìbéèrè 4 tó: Ǹjẹ́ ó máa ń yíjú sí ohùn? Kí ni ó ń sọ? Báwo ni ó ṣe ń fi ohun tí ó fẹ́ hàn? Ǹjẹ́ ohun kan wà tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́?

Ẹ wọn ọmọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀. Bí àyíká apá ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 6 sí 59 bá dín sí mìlímítà 115, àìjẹunrekánú rẹ̀ le, ó sì nílò ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀. Pípàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ kò tó láti fi sọ pé ó gbọ́ràn. Bí òbí bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ sí ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ yẹ ìgbọ́ràn wò. A lè yẹ ọmọ ọwọ́ pàápàá wò bí ó ti ń sùn. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ “kò sí nǹkan” dá ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ padà sílé. Òun ni ó ń rí ọmọ náà lójoojúmọ́.

Ìtọ́jú

Ohun tí ó fa ìfàsẹ́yìn ni yóò sọ irú ìtọ́jú tí ọmọ nílò. A lè fi oògùn wo etí tí ó ń ṣọyún. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ó tún lè kọ́ èdè àwọn adití, èyí tí a ń fi ọwọ́ sọ, pẹ̀lú gbogbo ìdílé rẹ̀. Èdè náà pé, kì í sì í dí ọmọ lọ́wọ́ láti fi ẹnu sọ̀rọ̀. Onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ lè kọ́ òbí ní ohun tí yóò máa ṣe nílé, nítorí ilé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà.

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ṣe

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti Báńkì Àgbáyé, pẹ̀lú àwọn alájọṣiṣẹ́ wọn, gbé ìlànà ìtọ́jú ọmọdé kan jáde tí ó ní òpó 5: ìlera, oúnjẹ tí ó tó, ìtọ́jú tí ó ń dá ọmọ lóhùn, ààbò, àti àǹfààní láti kẹ́kọ̀ọ́ láti kékeré. Àjọ náà tún ń rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti máa yẹ ìgbọ́ràn ọmọ wò kí ó tó pé oṣù 1, kí wọ́n mọ àbájáde rẹ̀ dájú ní oṣù 3, kí ìtọ́jú sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó kọjá oṣù 6.