Ẹ jẹ́ ká mọ̀: olùkọ́ méjì nínú kíláàsì kan

Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ìpínlẹ̀ Washington, l'Amẹ́ríkà, tí ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì já gaara, kíláàsì ìwé ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ jù ú sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń jáwọ́ kó tó kan iṣẹ́ gan-an. Ta ló máa bá wọn wí? Ẹni tó ń tọ́mọ, tó tún ń ṣiṣẹ́ alẹ́!

Lọ́dún 2004, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aráàlú níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, I-BEST. Olùkọ́ méjì ló ń pawọ́ pọ̀ kọ́ kíláàsì kan náà. Bí olùkọ́ iṣẹ́ bá ní kí wọ́n ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, olùkọ́ ìwé á ṣàlàyé ìdí tí a fi ń sọ ọ́ di ìlọ́po 4, á sì kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ó ń náni lówó o: owó oṣù olùkọ́ méjì kì í ṣe kékeré, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló sì ń fi owó kún un. Lójú tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí láti Yunifásítì Columbia fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò yìí ń gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí níbẹ̀ lọ.