Ṣé O Mọ̀? Aró Títíláé àti Aró Ìgbà Díẹ̀ Lórí Irun Kan Ṣoṣo

Ṣé o mọ̀ pé aró títíláé kì í tíì ní àwọ̀ tí o fẹ́ nígbà tí o bá ń fún un sínú abọ́? Orí rẹ ló ti ń di àwọ̀. Ammonia á gbé ìpẹ́ tíntìntín tó bo ara irun sókè, àwọn èròjà kéékèèké á yọ́ wọlé, hydrogen peroxide á mú wọn so pọ̀, wọ́n á tóbi. Wọn ò ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọgbọ́n yìí kò jìnnà sí tàwọn aláró Òṣogbo àti Abẹ́òkúta? Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ yọ nínú ìkòkò ẹlú, àwọ̀ ewé ló máa ń fẹ́ jọ. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i ló ń di búlúù lójú ẹni, tí aró náà á sì há sínú òwú.

Aró ìgbà díẹ̀ ní tiẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti pé látinú ike. Kò nílò peroxide rárá. Ìta irun ló máa ń lẹ̀ mọ́ jù, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ fi ń bó o lọ díẹ̀díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn ibà ni wọ́n ń wá kí aró ìgbàlódé tó dé? Kuinín ni William Perkin, ọmọ ọdún 18, ń gbìyànjú láti ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1856. Ìdọ̀tí dúdú ló rí. Nígbà tó da ọtí líle sí i, àwọ̀ elésè àlùkò ló yọ. Ní 1907, Eugène Schueller ṣe aró irun ní Paris, ó sì dá ilé iṣẹ́ tó wá di L'Oréal sílẹ̀ ní 1909. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Tish àti Snooky Bellomo ṣí ṣọ́ọ̀bù Manic Panic ní New York ní 1977, àwọ̀ tó ń tàn yanran sì gbòde.

Ṣé a lè wá pa aró títíláé àti aró ìgbà díẹ̀ pọ̀? A lè ṣe é, àmọ́ mi ò fara mọ́ kíkó wọn sínú abọ́ kan. Peroxide máa ń ba àwọn kan nínú aró ìgbà díẹ̀ jẹ́, aró yẹn náà á sì bomi la agbára peroxide. Èyí tó dáa jù ni kí ọ̀kan ṣáájú. Mú àwọ̀ pupa lórí irun dúdú: fi aró pupa títíláé pẹ̀lú peroxide 20 volume, ìyẹn ìdá 6 nínú 100. Á yọ díẹ̀ nínú dúdú irun, àwọ̀ ọsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á yọjú, pupa á sì dì mọ́ ọn. Ṣan án, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi pupa ìgbà díẹ̀ lé e lórí. Pupa yẹn á jó bí iná!

Búlúù kì í gba irú ìyẹn. Lórí irun tó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọ̀ ewé ló máa dà. Àfi kí irun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Ṣé o mọ̀ pé aró kì í ṣí aró? Bí irun rẹ bá ti dúdú láti inú ike, aró pupa kò lè lé dúdú yẹn lọ.

Pupa ló máa ń tètè ṣá. Po ṣíbí aró ìgbà díẹ̀ kan mọ́ kọndíṣọ́nà, kí o sì máa fi omi tútù ṣan irun. Má ṣe rẹlásà àti aró títíláé lọ́jọ́ kan náà. Jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, irun náà á já bí o bá kánjú.

Ṣé o mọ̀ pé PPD, èròjà inú ọ̀pọ̀ aró títíláé, ni àwọn kan ń pò mọ́ làálì kó lè dúdú kíákíá? Ẹni tí irú làálì bẹ́ẹ̀ ti bó lára rí, aró irun lè wú u lójú lọ́jọ́ iwájú. Jọ̀wọ́, fi aró díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, kí o dúró fún wákàtí 48. Bó bá yún ọ tàbí tó wú, má fi kan orí rẹ.