Ìrèmọ̀jé: Ọ̀fọ̀ Ọdẹ àti Àdánù Igbó ní Òkè-Ògùn

Nínú lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, ìrèmọ̀jé ni ewì tí àwọn ọdẹ fi ń dárò ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú. Ìjálá lè wáyé níbi ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n ibi ìṣípà ọdẹ ni ààyè ìrèmọ̀jé, ìyẹn ètùtù tí ẹgbẹ́ fi ń ya olóògbé kúrò láàárín wọn. Bádé Àjùwọ̀n, ẹni tó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní èdè Yorùbá (1981) àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì (1982), ṣàlàyé pé lójú àwọn ọdẹ, Ògún fúnra rẹ̀ ló fi í lọ́lẹ̀.

Ìdárò apohùn kì í dá lórí ènìyàn nìkan. Bó ti ń ki olóògbé àti ìran rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dárúkọ ẹran tó ti pa àti igbó tó ti dẹ: ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, ẹtu. Ẹranko ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọkùnrin náà; igbó ni a sì fi ń sọ bí òfò ikú rẹ̀ ti tó.

Ní Òkè-Ògùn, òṣùwọ̀n yìí ti ń bọ́ lọ́wọ́. Igbó Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní 1991, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Síbẹ̀, nínú ìwádìí tí Henschel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2014, Kainji àti Yankari nìkan ni wọ́n ti rí kìnnìún ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn odi ọgbà náà, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, igi apá àti igi òrí ń di èédú nínú àpò tí ọkọ̀ ń kó lọ sí ìlú ńlá.

Nítorí náà, ẹni tó ń sun ìrèmọ̀jé lónìí lè máa ki ẹran tí kò fojú rí rí. Ẹnu àgbà ló ti gbọ́ ọ. Èyí kò sọ ọdẹ di aláìṣẹ̀, nítorí ìbọn rẹ̀ wà lára ohun tó tú igbó ká. Iye ẹran tí a kà láti fi yin olóògbé ni iye tí igbó pàdánù: ohùn kan náà ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó pa àti ohun tó pa.

Láti 2020 tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn ọdẹ kan ti bọ́ sídìí iṣẹ́ ìṣọ́ (orúkọ ẹranko náà ni iṣẹ́ ọ̀hún ń jẹ́). Bí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ bá papòdà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ajínigbé tó lé ni apohùn yóò kà, kì í ṣe ẹfọ̀n. Igbó ni a sì ń gbé ẹrù ìṣípà lọ. Ó di dandan kí igbó ṣì wà nítòsí.